Ìran Méjì Àkọsílẹ̀ Ìlò: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Ṣàlàyé Irinṣẹ́ Kọ̀ǹpútà fún Ènìyàn àti fún Aṣojú Ẹ̀rọ, 1949–2025

Ìfáàrà

Nínú àwọn ìwé tí ó sọ ìtàn kọ̀ǹpútà, orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ àti àwọn ọlọ́gbọ́n tí ó ṣe é ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. Ìwé tí ó ń kọ́ ẹlòmíràn bí yóò ṣe lo ohun tí wọ́n ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè níbẹ̀. Èyí kò yani lẹ́nu. Lójú ọ̀pọ̀ aṣètò kọ̀ǹpútà, kíkọ ìwé ìlò dà bí àwo fífọ̀ lẹ́yìn àsè: iṣẹ́ tí ó pọn dandan ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń du ú. Láti ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíràn yọ, nítorí irú òǹkàwé kan ti dé tí kì í ṣe ènìyàn. Àwọn aṣojú òye àtọwọ́dá, èyí tí í ṣe àwọn ètò tí a gbé ka orí àwòṣe èdè ńlá, lè fúnra wọn yan irinṣẹ́ kan, kí wọ́n lò ó, kí wọ́n wo àbájáde rẹ̀, kí wọ́n sì tún yan òmíràn. Ohun tí a kọ nípa irinṣẹ́ náà ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bí ohun tí a kọ bá kù díẹ̀ káàtó, owó lè lọ sí ibi tí kò yẹ, fáìlì lè parẹ́, kí ó sì jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí tí yóò wí pé, "Ẹ dúró ná."

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì kí a tó tẹ̀ síwájú. "Irinṣẹ́" nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àkójọ àṣẹ tí ẹnì kan ti kọ fún kọ̀ǹpútà, tí ẹlòmíràn lè pè láti ṣe iṣẹ́ kan pàtó láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. "Àkọsílẹ̀ ìlò" sì ni gbogbo ohun tí a kọ láti fi ṣàlàyé irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yálà odidi ìwé ni tàbí gbólóhùn kan ṣoṣo.

Èrò kan wà láàrin àwọn aṣètò pé ohun tuntun gbáà ni kí a máa kọ̀wé fún ẹ̀rọ kà, àti pé ìmọ̀ tuntun ni a ó fi kọ ọ́. Ìtàn kò gbè èrò yìí lẹ́yìn. Ìran méjì ni àkọsílẹ̀ ìlò ti ní tipẹ́tipẹ́. Ìran kìíní ni a kọ fún ènìyàn. Èdè ojoojúmọ́ ni a fi kọ ọ́, kò sì tijú láti jẹ́wọ́ àléébù. Ìran kejì ni a kọ fún ẹ̀rọ. Èdè lójíìkì ni a fi kọ ọ́, ó sì ń sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí a tó ṣe nǹkan àti ohun tí yóò yí padà lẹ́yìn tí a bá ṣe é. Nígbà tí ìran méjèèjì pàdé ní 2023, ọmọ tí wọ́n bí jogún ojú àwọn òbí rẹ̀, kò jogún ìwà wọn tí ó dára jù lọ. Ibi tí èyí ti hàn jù ni ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́: bí ìwé ìlò kò bá sọ nǹkan kan, kí ni kí òǹkàwé gbà pé ó túmọ̀ sí?

Ìwé tí a kọ fún ènìyàn

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kárùn-ún ọdún 1949, ẹ̀rọ EDSAC ti Yunifásítì Cambridge ṣe iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Maurice Wilkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rí i pé bí olúkúlùkù bá ń kọ gbogbo àṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, àṣìṣe yóò pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àkójọ àṣẹ kéékèèké tí a ti dán wò jọ, lórí téèpù oníbébà tí a lu ihò sí, sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin. Nígbà tí Wilkes, David Wheeler àti Stanley Gill fi máa tẹ ìwé wọn jáde ní 1951 lórí bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ti di 87. Ìwé náà sọ fún òǹkàwé iye àyè tí àkójọ kọ̀ọ̀kan yóò gbà nínú ẹ̀rọ, bí àkókò tí yóò lò ti pọ̀ tó, ibi tí a ó fi nọ́ńbà sí kí a tó pè é, àti ibi tí a ó ti bá èsì.

Ohun tí ó gba àfiyèsí jù nínú ìtàn yìí ni ọ̀rọ̀ tí Wheeler sọ níwájú àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Pittsburgh lọ́dún 1952. Ó ní lẹ́yìn tí a bá ti kọ àkójọ àṣẹ kan tán, tí a sì ti dán an wò, iṣẹ́ ńlá ṣì kù nílẹ̀, ìyẹn ni kíkọ àlàyé tí ẹni tí kò mọ inú rẹ̀ yóò fi lè lò ó pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ó sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí apá yìí le ju gbogbo ìyókù lọ. Wheeler yìí kan náà ni ó ṣe ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń fo wọ inú àkójọ àṣẹ kan tí ó sì ń padà sí ibi tí ó ti kúrò. Ẹni tí ó ṣe irú èyí kì í ṣe ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀rọ ń dẹ́rù bà. Bí òun bá wá pe kíkọ àlàyé ní iṣẹ́ tí ó le jù, ó yẹ kí a gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá ọdún 1971, Ken Thompson àti Dennis Ritchie gbé ìwé ìlò Unix àkọ́kọ́ jáde ní Bell Labs, ní Murray Hill, ìpínlẹ̀ New Jersey. Ìlànà kan náà ni a fi to àwọn ojú-ìwé rẹ̀: orúkọ irinṣẹ́, bí a ṣe ń kọ ọ́, àlàyé ohun tí ó ń ṣe, àwọn fáìlì tí ó kàn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Abala méjì ni ó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀kan ni èyí tí a pe àkọlé rẹ̀ ní BUGS, níbi tí ẹni tí ó ṣe irinṣẹ́ ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àléébù tí ó mọ̀ pé ó wà lára rẹ̀. Èkejì ni OWNER, níbi tí a kọ orúkọ ẹni tí ó ni irinṣẹ́ sí. "Ken" àti "dmr" ni a sábà máa ń bá níbẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé lẹ́yìn wọn pa abala OWNER tì. Bóyá wọn kò mọ ohun tí wọ́n sọ nù. Ẹni tí ó bá ka ojú-ìwé náà tí ọ̀rọ̀ rú u lójú mọ ilé tí yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ìwé ìlò Unix jẹ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ láti òkè délẹ̀. Ìṣọwọ́kọ̀wé rẹ̀ ṣókí, kò sì fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí òǹkàwé lè fi ojú inú rí. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé òǹkàwé náà jẹ́ ẹni tí ó mọ àyíká iṣẹ́, tí ọkàn rẹ̀ máa ń ṣiyè méjì, tí ó sì lè dìde láti bi ẹlòmíràn léèrè. Nínú ìran yìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìwé túmọ̀ sí "béèrè."

Ìwé tí a kọ fún ẹ̀rọ

Ọdún 1971 kan náà ni Richard Fikes àti Nils Nilsson tẹ iṣẹ́ wọn lórí STRIPS jáde. Ní ilé-ìwádìí SRI ní Menlo Park, ìpínlẹ̀ California ni wọ́n wà, níbi tí a ti ń ṣe róbọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Shakey. Róbọ́ọ̀tì náà ní láti ronú bí yóò ṣe gba inú yàrá kan dé òmíràn tàbí bí yóò ṣe ti àpótí láti ibì kan dé ibòmíràn. Kí ó tó lè ronú bẹ́ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti ṣàlàyé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún un. Ohun mẹ́ta ni àlàyé yìí máa ń ní. Ẹ jẹ́ kí a fi àpótí títì ṣe àpẹẹrẹ. Àkọ́kọ́ ni ohun tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀: ibi tí àpótí wà ni róbọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ wà. Èkejì ni ohun tí kò ní jẹ́ òtítọ́ mọ́: àpótí àti róbọ́ọ̀tì ti kúrò ní ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tí yóò di òtítọ́: àwọn méjèèjì ti dé ibi tuntun. Ohunkóhun tí àlàyé náà kò bá dárúkọ, ẹ̀rọ yóò gbà pé kò yí padà rárá.

Bí a bá wò ó dáadáa, àkọsílẹ̀ ìlò fún aṣojú ẹ̀rọ ni èyí, ó sì ti wà ní àádọ́ta ọdún ó lé kí àriwo òde òní tó bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí ó fi ipá mú òǹkọ̀wé láti sọ ohun tí irinṣẹ́ yóò bàjẹ́ tàbí mú kúrò, kì í ṣe ohun tí yóò ṣe nìkan. Ewu rẹ̀ wà nínú ìtumọ̀ tí ó fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Nínú yàrá Shakey, níbi tí kò ju àpótí, ògiri àti ilẹ̀kùn lọ, ó tọ̀nà kí a sọ pé ohun tí a kò dárúkọ kò yí padà. Níta gbangba, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò ṣeé kà bẹ́ẹ̀.

Ìgbìyànjú tí ó tóbi jù lọ láti mú ìran kejì yìí jáde sí gbangba ṣẹlẹ̀ ní àárín ọdún 2000 sí 2006. Ní oṣù Kárùn-ún 2001, Tim Berners-Lee, James Hendler àti Ora Lassila kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Scientific American, níbi tí wọ́n ti ya àwòrán tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí àwọn aṣojú ẹ̀rọ wọn ń bá wọn ṣètò ìtọ́jú ìyá wọn lọ́dọ̀ dókítà. Ní oṣù Kẹta ọdún náà ni a gbé WSDL kalẹ̀ níwájú àjọ W3C, èdè kan tí a fi ń sọ irú nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ tí irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà àti èyí tí ó ń dá padà. Kí ó tó di ìgbà náà ni wọ́n ti gbé UDDI dìde, ìwé orúkọ gbogboògbò níbi tí ètò kan yóò ti lè wá òmíràn rí. Ní oṣù Kọkànlá 2004 ni OWL-S tẹ̀lé e, èyí tí ó tún gbé ohun tí ó wà nínú STRIPS dìde: ohun tí irinṣẹ́ gbà, ohun tí ó mú jáde, ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà ṣáájú, àti ohun tí yóò yí padà.

Kò yọrí sí bí wọ́n ṣe rò. IBM, Microsoft àti SAP ti ìwé orúkọ UDDI gbogboògbò tí wọ́n ń tọ́jú pa ní oṣù Kìíní 2006. OWL-S kò kúrò lọ́wọ́ àwọn olùwádìí. Ìdí kan ni pé iṣẹ́ àṣelàágùn ni kíkọ lójíìkì, ẹni tí ó sì ṣe irinṣẹ́ kò rí èrè kankan níbẹ̀. Kò sí aṣojú tí yóò ka ohun tí ó kọ, àwọn tí ó sì fẹ́ ṣe aṣojú kò rí ohun tí yóò kà. Ìdí mìíràn ni pé kò sí àdéhùn lórí ọ̀rọ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ń pè ní "oníbàárà," òmíràn lè pè é ní "àkáǹtì."

WSDL ni ó pẹ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ìrísí nìkan ni ó mọ̀ ọ́n sọ, kò mọ ìtumọ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọkọ̀ òfurufú Mars Climate Orbiter tí NASA rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ní oṣù Kejìlá 1998 ṣègbé ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án 1999, nítorí pé ètò kan lórí ilẹ̀ ń fi ìwọ̀n páùn kọ èsì rẹ̀, nígbà tí ètò tí ó ń gba èsì náà rò pé newton ni. Nọ́ńbà ni ìkíní fún èkejì, nọ́ńbà ni èkejì sì ń retí. Ní ti ìrísí, kò sí àṣìṣe. Ẹ̀wẹ̀, ìwé àdéhùn láàrin ètò méjèèjì ti sọ ọ́ gbangba pé newton ni kí a lò. Kò sí ẹni tí ó rí i dájú pé a tẹ̀ lé e.

Ìpàdé ìran méjèèjì

Ilé tí ìran méjèèjì kọ́kọ́ jọ gbé ni Swagger, tí Tony Tam bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Wordnik, tí ó sì di OpenAPI lábẹ́ Linux Foundation láàrin ọdún 2015 sí 2016. Nínú fáìlì kan náà ni a ti ń rí ìrísí fún ẹ̀rọ àti àyè kan tí ń jẹ́ "description" tí a fi gbólóhùn ènìyàn kún. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ ń gbé, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kì í ka gbólóhùn náà. Ènìyàn sì sábà máa ń fojú fo ìyókù.

Àwòṣe èdè ńlá ni ó wó ògiri àárín wọn. Ní oṣù Kẹta 2023, OpenAI kéde àwọn àfikún fún ChatGPT. Fáìlì tí oníṣẹ́ ní láti kọ fún àfikún rẹ̀ ní àyè méjì tí ó yẹ kí òpìtàn dúró wò: "description_for_human" àti "description_for_model." Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a bi òǹkọ̀wé léèrè lójú kojú pé ta ni ó ń kọ̀wé sí, tí a sì gbà pé èdè kan náà ni yóò fi dá àwọn méjèèjì lóhùn. Àwọn àfikún náà kò pẹ́. A ti pa wọ́n tì ní oṣù Kẹrin 2024. Ìlànà tí ó kù ni èyí tí ó jáde ní oṣù Kẹfà 2023, tí a fi ń fún àwòṣe ní orúkọ irinṣẹ́, gbólóhùn àlàyé, àti ìrísí ohun tí ó ń gbà. Nígbà tí Anthropic gbé Model Context Protocol jáde ní oṣù Kọkànlá 2024, ohun mẹ́ta yìí náà ni ó wà ní ọkàn rẹ̀.

Àwọn olùwádìí kò jáfara. Iṣẹ́ Gorilla láti Yunifásítì California ní Berkeley ní 2023 fi hàn pé àwòṣe máa ń dá irinṣẹ́ tí kò sí sílẹ̀ láti inú ara rẹ̀, àti pé bí a bá gbé àkọsílẹ̀ ìlò síwájú rẹ̀ lásìkò tí ó ń ṣiṣẹ́, yóò lè tẹ̀ lé àyípadà tí ó bá dé bá irinṣẹ́. Ní Princeton, àwọn tí ó ṣe SWE-agent ní 2024 rí i pé irinṣẹ́ tí a ṣe fún ènìyàn kì í sábà bá aṣojú lára mu, àti pé bí a bá ṣe irinṣẹ́ tí ó rọrùn, tí èsì rẹ̀ ṣókí, tí ó sì ń sọ àṣìṣe ní kedere, iṣẹ́ aṣojú yóò dára sí i láìyí àwòṣe padà. Àwọn òṣìṣẹ́ Anthropic pẹ̀lú ròyìn ní oṣù Kejìlá 2024 pé aṣojú wọn ń ṣi ọ̀nà fáìlì kọ bí ó bá ti kúrò nínú fódà tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìlò nìkan kọ́ ni wọ́n tún kọ. Wọ́n tún irinṣẹ́ ṣe, kí ó má lè gba ọ̀nà mìíràn ju èyí tí a kọ ní pípé láti gbòǹgbò. Ó dára kí a rántí èyí, nítorí àléébù kan wà tí ó sàn kí a mú kúrò ju kí a ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó di àṣẹ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ààbọ̀ àti odidi. Àwòṣe èdè ńlá kì í ṣe bíi STRIPS tí ó gbà pé ohun tí a kò dárúkọ kò sí. Ó ń sọ ààbọ̀ di odidi gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí ti ń ṣe, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà, nítorí pé láti inú ohun tí ó ti kà níbòmíràn ni ó ti ń mú ìdajì kejì wá.

A lè fi owó náírà ṣe àpẹẹrẹ. Láti ọdún 1973 tí a ti ń ná náírà ní Nàìjíríà ni ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ ti ń jẹ́ náírà kan. Ọjà kò ka kọ́bọ̀ sí mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà láàyè nínú kọ̀ǹpútà: Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó tí a dá sílẹ̀ ní Èkó, ń gba iye owó ní kọ́bọ̀, àkọsílẹ̀ ìlò rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní aṣètò kan wá gba irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fi í lé aṣojú lọ́wọ́, tí kò sì kọ ju "amount: iye owó" lọ. Bí ọ̀gá bá ní kí aṣojú san 5,000 náírà, tí ó sì kọ 5000, 50 náírà ni yóò lọ. Ká tún ní ẹlòmíràn ṣe irinṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ń gba náírà gan-an, tí òun náà kò sì sọ. Aṣojú tí ó ti ka kọ́bọ̀ níbòmíràn lè sọ ọ́ di 500000, kí 500,000 náírà sì jáde lọ. Ìrísí kò ní rí àṣìṣe kankan nínú méjèèjì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Mars ni èyí, àfi pé owó oṣù ẹnì kan ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí àwòṣe bá ṣe ń gbọ́n sí i ni ìṣòro yìí yóò ṣe máa dínkù. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí aṣojú tí ó gbọ́n lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó béèrè. Ṣùgbọ́n àlejò ní ojú, kò fi ríran. Kò sí bí àlejò ti lè gbọ́n tó tí yóò fi mọ kànga tí a fi òfin dè ní agbolé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, bí kò bá sí ẹni tí ó sọ fún un.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà burú ju èyí lọ. Nínú ìwé ìlò Unix, ọ̀rọ̀ àlàyé kò lè ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni yóò kà á, tí yóò sì pinnu. Lọ́dọ̀ aṣojú, gbólóhùn àlàyé irinṣẹ́ ń wọ inú ohun kan náà tí àṣẹ ọ̀gá rẹ̀ ń wọ̀. Ní oṣù Kẹrin 2025, àwọn olùwádìí ní Invariant Labs fi irinṣẹ́ kan hàn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ro nọ́ńbà méjì pọ̀ lọ. Nínú àlàyé rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí aṣojú kọ́kọ́ lọ ka fáìlì àṣírí oníkọ̀ǹpútà, kí ó sì fi ohun tí ó bá níbẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà náà. Ojú ènìyàn kò rí gbogbo àlàyé yìí. Aṣojú ni ó rí i. Bí àkọsílẹ̀ ìlò ṣe di àṣẹ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i.

Àtúnṣe ìlànà Model Context Protocol tí ó jáde ní oṣù Kẹta 2025 gbìyànjú láti wá nǹkan ṣe sí i. Ó fi àwọn àmì kan kún àlàyé irinṣẹ́: bóyá kíkà nìkan ni ó ń kà, bóyá ó lè ba nǹkan jẹ́, bóyá ìpè ẹ̀ẹ̀kejì kò ní fi nǹkan kan kún ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá mọ STRIPS yóò dá ojú wọn mọ̀. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀ tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí òǹkọ̀wé kò bá sọ bóyá irinṣẹ́ lè ba nǹkan jẹ́, ìlànà náà ní kí a gbà pé ó lè bà á jẹ́. Nínú ìtàn ìran kejì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó túmọ̀ sí "kò séwu" ní 1971 ti wá túmọ̀ sí "ṣọ́ra." Ìlànà kan náà tún kìlọ̀ pé ìtọ́kasí lásán ni àwọn àmì wọ̀nyí, kí a má sì gbà wọ́n gbọ́ bí a kò bá mọ ẹni tí ó kọ wọ́n.

Ìkìlọ̀ yìí gbé ìbéèrè OWNER padà wá. Títí di àtúnṣe oṣù Kẹfà 2025, àwọn àyè tí ìlànà náà là sílẹ̀ fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni orúkọ, àkọlé, àlàyé, ìrísí ohun tí ń wọlé, ìrísí ohun tí ń jáde, àti àwọn àmì tí a sọ yìí. Kò sí èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún àléébù, kò sì sí èyí tí ó sọ ẹni tí ó ni irinṣẹ́ náà. Àwọn aṣètò tí iṣẹ́ ti kọ́ lọ́gbọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn dí àlàfo yìí: nínú àyè "description," lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ohun tí irinṣẹ́ ń ṣe tán, wọ́n ń kọ ìgbà tí kò yẹ kí a lò ó, ìwọ̀n tí nọ́ńbà rẹ̀ wà, àti ohun tí kò ṣeé dá padà bí a bá ti pè é.